Lẹ́tà sí Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ wa, lórí abẹ́rẹ́ tí a lé padà

Sí Alága, Akọ̀wé, Ìyá Akápò, àti gbogbo ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú owó táàmù tí kì í dúró sójú kan. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ mi láàárín yín mọ ṣọ́ọ̀bù mi: èmi ni télọ̀ tó wà níwájú géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá oníbọ̀ọ̀lì. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń wọn àwọn ọmọ yín fún yúnifọ́ọ̀mù. Mo mọ ọmọ tó fi íǹṣì méjì ga láàárín táàmù kan. Mo mọ ìyá tó máa ń ní, "Télọ̀, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa nídìí síkẹ́ẹ̀tì yẹn o, ọdún méjì ni yóò lò ó." N óò padà sórí ọ̀rọ̀ etí aṣọ yìí.

Kì í ṣe owó yúnifọ́ọ̀mù ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní HPV ni, èyí tí wọ́n gbé wá fún àwọn ọmọbìnrin wa lọ́dún 2024, tí a sì ní kí àwọn tó gbé e wá máa lọ. Mo wà ní ìpàdé ọjọ́ náà. Nígbà tí Alága ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ nawọ́ sókè, mo nawọ́, mo tún nà án gan-an ni. Kí ẹ mọ ìyẹn ná kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí la ń wí. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun ti ṣíwájú wa, October 24, 2023 ni tiwọn, pẹ̀lú Àbújá àti àwọn ìpínlẹ̀ míì. Ìpín kejì ló kan àwa, Òǹdó, Èkìtì, Kwárà àti àwọn yòókù, May 27, 2024, ọjọ́ ayẹyẹ àwọn ọmọdé gan-an. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kan dé ilé-ìwé wa pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé kúlà kékeré kọ́ èjìká. Ìpàdé wa ń lọ lọ́wọ́. A ní kí wọ́n dúró ná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá kan láàárín wa gbé fóònù sókè, ó ní kí gbogbo wa dákẹ́ kí a gbọ́ nǹkan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. Ohùn ọkùnrin kan ni. Ó ní abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi di ilé ọmọ àwọn ọmọbìnrin wa pa, pé tó bá fi máa tó ogún ọdún sí i, ẹni tí yóò pọn ọmọ yóò dọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Kò dárúkọ ara rẹ̀. Kò sọ ibi tó ti ń sọ̀rọ̀. A gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn kan tún ní kí bàbá náà fi í sí i lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ọ̀sì tó so orúkọ mọ́ àyà, tó ń gbé àdúgbò wa, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú kan péré la ò fún un. Lẹ́yìn náà ni Alága ní kí a nawọ́. Ọwọ́ pọ̀. Akọ̀wé jáde lọ bá wọn, a sì gbọ́ tí kúlà náà kan ògiri bí ọmọkùnrin yẹn ṣe ń yí padà.

Mo ní láti sọ ìtàn kan fún yín kí ẹ lè mọ ìdí tí kò fi jẹ́ kí n sùn.

Ìyá kan ló kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, n kò sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo dúró bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, àjákù aṣọ kì í ṣòfò. Àpò ìrẹsì ńlá kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí a máa ń kó wọn sí, àwọn tó ń rán ìrọ̀rí máa ń wá rà á lóṣooṣù. Lọ́dún kan, àpò náà kò kún mọ́. A ó gé aṣọ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó bá di ọjọ́ kejì àpò á ti fẹlẹ̀. Mo rò pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń tà á. Mo tilẹ̀ gbá ọ̀kan létí lórí ẹ̀.

Ọ̀gá mi ló ń kó o. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀, ó sì fi ṣe àwàdà lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní òun ti padà di ọmọge. Nígbà tó yá, pádì tí wọ́n ń tà kò gbà á mọ́. Ó wá ń ká àjákù àǹkárá lé ara wọn, ó ń jókòó lé e, ó ń rán aṣọ ìyàwó lórí ẹ̀. Òórùn tẹ̀ lé e. Ó ń da páúdà, ó ń fín lọ́fínńdà, ó ní kí a máa ṣí fèrèsé torí ooru. Àwa náà ń ṣí i. Ẹ̀yìn ń dùn ún, a ní ìdí ẹ̀rọ ni. Kò sẹ́ni tó béèrè, torí pé ọ̀rọ̀ abẹ́ obìnrin kì í ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń bi ọ̀gá.

Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ní ó ti kọjá èyí tí wọ́n lè gé. Ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fẹ́ fi jó o bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó yẹ kó bọ́ sí i. A dúró, a tún dúró. Lórí ìwé ìsìnkú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó papò dà "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́". Àìsàn ránpẹ́ tó gbà tó ọdún méjì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, pẹ̀lú gbogbo èyí lójú mi ni mo fi nawọ́ sókè. Ẹ mọ ìdí? Nítorí pé nínú gbogbo ariwo ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àìsàn tó pa ọ̀gá mi ni abẹ́rẹ́ náà wà fún. "HPV" ni gbogbo wa ń sọ. Lẹ́tà mẹ́ta, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní òórùn.

Ọdún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí n tó mọ̀. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló gbé léèsì wá kí n bá òun rán an. Mo ń wọn èjìká rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣe mí bí ojú tí mo mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ lé wa lọ́jọ́ yẹn." Ojú tì mí díẹ̀, mo ní abẹ́rẹ́ kí ni ọ̀hún gan-an. Ó ní ti jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni. Mo ní báwo ni ìyẹn ṣe ń ṣe èèyàn? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi: ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, omi tó ń rùn, ẹ̀yìn dídùn. Téèpù dúró lọ́wọ́ mi.

Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà mi, ó sì là mí lóye. Èyí tí mo bá lọ yẹ̀ wò lẹ́yìn náà, mo fi kún un níbí.

Kòkòrò ni HPV, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló ní. Ìbálòpọ̀, àní ara tó fara kan ara níbẹ̀ lásán, ló fi ń ràn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ti ní ìbálòpọ̀ rí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni yóò kó o nígbà kan. Kì í yúnni, kì í ro èèyàn, ọkọ kò ní mọ̀, ìyàwó kò ní mọ̀. Lára ọ̀pọ̀, ara fúnra rẹ̀ ni yóò lé e jáde láàárín nǹkan bí ọdún méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ló ń ṣiṣẹ́ ibi, jẹ́jẹ́, fún bí ọdún 15 sí 20, kó tó di jẹjẹrẹ. Lára ẹni tó ní kòkòrò HIV, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà méjì tí wọ́n ń pè ní 16 àti 18 ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló tọpasẹ̀ àwọn méjèèjì ní 1983 àti 1984, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń di ẹ̀bi náà lé kòkòrò mìíràn lórí. Ọdún 2008 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ní Nàìjíríà, ọdún 2020 nìkan, bí obìnrin 12,000 ni àìsàn yìí mú, ó sì pa bí 8,000. Mo fi ọjọ́ ọdún pín in lórí fóònù mi: ó kù díẹ̀ kó pé obìnrin 22 lójúmọ́. Mo ń ronú pé mélòó nínú wọn ni wọ́n kọ "àìsàn ránpẹ́" fún.

Abẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Ẹ ronú nípa ẹ̀pà. Èèpo kòkòrò náà nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọmọ nínú èèpo náà, torí náà kò lè hù. Ìwúkàrà ni wọ́n fi ń ṣe é, irú nǹkan tó ń mú búrẹ́dì wú. Ara ọmọ yóò rí èèpo yìí, yóò mọ ìrísí ọ̀tá, yóò sì ti múra kí ọ̀tá fúnra rẹ̀ tó dé. Kò lè lé kòkòrò tó ti wọlé jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọmọ ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń fún, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tiwa níbí. Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀kan ò tó, pé ti àwọn tálákà nìyẹn. Ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti dán ẹ̀ẹ̀kan yìí wò lára àwọn ọmọbìnrin ọdún 15 sí 20, ó sì dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀yà 16 àti 18 dé ìwọ̀n 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní December 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé a lè lo ẹ̀ẹ̀kan fún irú àwọn ọmọ wa.

Ó kù sórí ohun tó wà nínú fóònù bàbá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní fi ìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Lọ́dún 1996, ilé-iṣẹ́ òògùn kan láti Amẹ́ríkà dán òògùn wò lára àwọn ọmọdé ní Kano nígbà tí àìsàn yírùnyírùn ń jà, ẹjọ́ rẹ̀ sì dé kóòtù. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, obìnrin dúdú kan, Henrietta Lacks, kú lọ́dún 1951, ọmọ ọdún 31 péré. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ yìí kan náà ló pa á. Wọ́n bù lára rẹ̀ láìgbàṣẹ, ohun tí wọ́n bù sì ń hù nínú ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé títí dòní. Ẹ̀yà 18 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn méjèèjì yìí tó sì ń ṣiyèméjì kì í ṣe òmùgọ̀.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìbẹ̀rù fi ṣe wá. Ọdún 2003 ni Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya ní àwọn kò gba àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ "wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di àgàn" kan náà ni. Àrùn náà tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Ó di August 2020 kí wọ́n tó kéde pé ẹ̀yà rẹ̀ àdáyébá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ọmọ tó rọ láàárín ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà, orí kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ni wọ́n wà. Kì í ṣe àwa nìkan o. Ilẹ̀ Japan tó lajú tó bẹ́ẹ̀, ìròyìn tí wọn kò rídìí rẹ̀ ló mú kí ìjọba wọn dẹ́kun rírọ àwọn òbí láti gba abẹ́rẹ́ HPV yìí ní 2013. Iye ọmọ tó ń gbà á já wálẹ̀ láti bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kò pé ẹyọ kan mọ́. Ó di 2022 kí ìjọba tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọ́n.

Lórí ọ̀rọ̀ àgàn gan-an: ọdún 2006 ni abẹ́rẹ́ yìí jáde. Ilẹ̀ Australia bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọbìnrin wọn ní 2007. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà ti tó bí ẹni ọdún 30, wọ́n ń bímọ. Nígbà tí yóò fi di 2017, iye rẹ̀ tó ti lọ káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 270 lọ. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń mójú tó ewu àjẹsára gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, wọn kò sì rí ohun tó fi hàn pé ó ń dí ọmọ. Ohun tó ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin ni jẹjẹrẹ náà, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbà gígé ni wọ́n ń gé e jáde kí ẹ̀mí lè dúró. Ẹni tó ń bẹ̀rù àgàn, ibẹ̀ ló yẹ kó kọjú sí. Ní Scotland, wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ yìí pé ní ọmọ ọdún 12 tàbí 13 láti 2008. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní January 2024 sọ pé wọn kò rí ẹyọ kan nínú wọn tí jẹjẹrẹ yìí mú. Ẹyọ kan.

Mínísítà ìlera lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ètò náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ ọ́ ní gbangba pé ọmọbìnrin mẹ́rin ni òun bí, gbogbo wọn ló ti gbà á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọba kì í yára wọ̀ wá létí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í fi ọmọ bíbí rẹ̀ mẹ́rin tan ará ìlú jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí jù nínú ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé náà, torí kì í ṣe inú fóònù ló ti wá. Ẹnu wa ni. Wọ́n ní tí a bá fún àwọn ọmọ yìí ní abẹ́rẹ́, a ti ṣílẹ̀kùn ìṣekúṣe fún wọn nìyẹn, pé ọmọ tí a kọ́ ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run kò nílò rẹ̀. Pásítọ̀ mí orí, Àlùfáà náà mí orí. Ó dùn mọ́ mi náà lọ́jọ́ yẹn.

Etí aṣọ tí mo ní n óò padà sí rè é o. Ìyá tó ní kí n fi etí íǹṣì mẹ́ta sílẹ̀ nídìí síkẹ́ẹ̀tì, ṣé òun ló ń mú ọmọ ga? Ọmọ yóò ga. Yálà a fi etí sílẹ̀, yálà a gé e kan eegun, ọmọ yóò ga. Ọjọ́ tó bá ga ni a ó mọ ẹni tí ó ní nǹkan tú sílẹ̀ àti ẹni tí ìtìjú yóò mú. Kò sí ọmọ kankan ní kíláàsì JSS tó rí abẹ́rẹ́ tó wá rántí ọkùnrin. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n rí, ẹkún ni wọ́n fẹ́ sun.

Kí a tún gbà pé ọmọ yín gbọ́ràn. Ó pa ara rẹ̀ mọ́, ó délé ọkọ, wọ́n bá a nílé. Ìdùnnú ńlá. Ọkọ náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọmọ tiyín, ṣé ẹ tún tọ́ ọkọ rẹ̀? Ọmọkùnrin ẹlòmíì lẹ ó fi ọmọ yín fún, pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti gbé oorun kó tó dọ́dọ̀ yín, HPV kì í sì í kọ orúkọ síwájú orí. Ọ̀gá mi, ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó mi lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, bí ẹni tó ń wí àwíjàre, bí ẹni pé wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn án. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ìyẹn, ó ń ká mi lára ju ikú náà gan-an lọ. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Gbogbo wa ń gbọ́ ìròyìn.

Èwo wá ni mo jẹ níbẹ̀? Ọmọ mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 14 lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. July ọdún náà ló pé 15. Ọ̀fẹ́ ìjọba, ọdún 9 sí 14 ló wà fún. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ mi, ọwọ́ ara mi tí mo nà sókè ni mo fi tì í. Ìyá rẹ̀ ti ní kí n béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí n tó pinnu. Mo dáhùn pé a ti dìbò. Nígbà tí ojú mi là, ilé ìwòsàn aládàáni la lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kó gbà á, owó ẹ̀ẹ̀kan sì ju ohun tí mo ń gbà rán yúnifọ́ọ̀mù ọmọ mẹ́fà lọ. Mo san án. N kò ráhùn, ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì yẹn, mo rán aṣọ fún gbogbo wọn, mo sì mọ èyí tí òbí rẹ̀ ṣì jẹ mí lówó síkẹ́ẹ̀tì. Ibo ni ìyẹn yóò ti rí owó abẹ́rẹ́?

Lọ́nà ilé ni ọmọ náà bi mí pé kí ló dé tí wọn kì í fún àwọn ọkùnrin. Mo ní ọkùnrin kò ní ilé ọmọ. Ó ní, "Dádì, ẹ ṣáà ní àwọn ló ń gbé e wá." Ẹnu mi pa. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ Australia ti ń fún àwọn ọmọkùnrin láti 2013, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2019, torí kòkòrò yìí lè fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun àti ti nǹkan ọmọkùnrin pàápàá. Ètò tiwa kò tíì débẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń pa jù, àwọn la kọ́kọ́ ń fún.

Èyí àbúrò, ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀. Kò pẹ́ tó pé ọdún 9 tí mo fi mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n kọ káàdì, nọ́ọ̀sì yí apá aṣọ rẹ̀ sókè. Aṣọ tí mo rán ni, mo rí i pé apá rẹ̀ ti ń há. Ó di ojú, mo ní kó máa kà dé mẹ́wàá, kò ka kọjá mẹ́ta tí wọ́n ti ṣe tán. Wọ́n ní kí a jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n lè wò ó, torí òòyì máa ń kọ́ àwọn ọmọ míì lẹ́yìn abẹ́rẹ́. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó jẹ bisikíìtì. Apá rẹ̀ ro ó lálẹ́ ọjọ́ náà, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ti ń fo okùn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ti kọjá ọjọ́ orí abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ kò kọjá àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ti tó 30, kó lọ. Níbi tí wọn kò ti ní ẹ̀rọ ńlá, fínígà díẹ̀ ni wọ́n ń fi pa ọrùn ilé ọmọ, ibi tí kò bá dára yóò funfun lójú wọn, wọ́n á sì tètè mójú tó o kó tó di nǹkan kan. Àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ náà yóò ṣì ṣe àyẹ̀wò yìí tí wọ́n bá dàgbà, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ni abẹ́rẹ́ ń dí. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ fún wọn lówó ọkọ̀, ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lọ yẹ̀ wò.

Alága, ìbéèrè mi kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a dìbò lórí ara ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Ìpàdé lè dìbò lórí owó lẹ́sìn, ó lè dìbò lórí àwọ̀ sọ́kí. Abẹ́rẹ́, kí wọ́n fún òbí kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ kó mú lọ sílé, kó bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́, kó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí i fún ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn tó ti gbọ́ àlàyé, òun ló lọ́mọ, n kò ní bá a jà, n óò ṣì máa rán yúnifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ fi ohùn inú fóònù síta nínú ìpàdé, kó mú ẹni tó ni ohùn náà wá kí a bi í léèrè.

Mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí nọ́ọ̀sì náà wọlé, kó jókòó bí àlejò, kí a bi í ní gbogbo ohun tí a ò bi í lọ́jọ́sí. Ó ti ní òun yóò wá tí ẹ bá pè é. Kò bínú sí wa. Aṣọ léèsì rẹ̀ kejì ti ṣe tán, Sátidé yìí ló ń bọ̀ wá gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí Akọ̀wé bá mi fi ọjọ́ ìpàdé ránṣẹ́ kó tó di Sátidé, kí n lè sọ fún un.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Télọ̀ iwájú géètì, òbí ọmọ méjì ní ilé-ìwé yìí